Ǹjẹ́ inú rere wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní 'ènìyàn'?

ÌBÉÈRÈ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÒǸKÀWÉ KAN NÍ KUBWA

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti bá a fà ní ibi iṣẹ́ wa ní Central Area, Abuja. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ọmọ Katsina sọ pé inú 'mutum', tó jẹ́ ènìyàn ní èdè Hausa, ni wọ́n ti yọ 'mutunci', èyí tó jẹ́ iyì àti ìwà tó yẹ ènìyàn. Obìnrin kan fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀, pé orísun kan náà ni 'humankind' àti 'kindness' ti wá. Wọ́n wá yíjú sí mi pé kí Yorùbá mú tirẹ̀ wá. Mo dáhùn pé 'ènìyàn' túmọ̀ sí 'ẹni tí a yàn', pé Ọlọ́run yàn wá láti máa ṣe rere. Ọmọ Katsina yìí bi mí pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwa Yorùbá fi ń sọ pé 'ènìyàn burúkú'? N kò rí èsì fọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé 'ẹni tí a yàn' ni ìtumọ̀ rẹ̀? Bí mo bá sì ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà jù fún 'kindness' ní Yorùbá, èwo ni kí n mú nínú àánú, oore àti inú rere?

* * *

ÌDÁHÙN

'Ẹni tí a yàn' ni èsì tó pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ̀yin òǹkàwé ti kọ sí ìbéèrè yìí, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí òun ni wọ́n fi ń kọ́ni nílé ìjọsìn, òun náà ni a ń gbọ́ lórí rédíò. Àwọn tí wọ́n mú un wá láti inú Ifá tọ́ka sí Odù Ìrosùn Ìwòrì, níbi tí a ti gbọ́ pé a yan ènìyàn láti mú ire wọ ilé ayé. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Àmọ́ ohun tí a fi ọ̀rọ̀ kan kọ́ni yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ifá a máa fi ìró ọ̀rọ̀ kan pe òmíràn: bí orúkọ ewé kan bá jọ ọ̀rọ̀ ìṣe kan, babaláwo yóò fi ewé náà pe iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ó ṣe. Bí 'ènìyàn' bá ti lè jọ 'yàn' létí, ó tó kí akéwì fi pe 'yàn', ẹ̀kọ́ rẹ̀ á sì dúró ṣinṣin láìjẹ́ pé ara 'yàn' ni wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ 'ẹni' ni ẹ, ohùn àárín sì ni ó wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ 'ènìyàn' ni e, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé 'ẹnìkan' náà ní ohùn ìsàlẹ̀ láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ rẹ̀ kò di e. Tí a bá sì fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ láti ara 'yàn', a mọ ọ̀nà tí èdè wa ń gbà ṣe é, nítorí 'àyànfẹ́' wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́: 'à' ni a fi ṣíwájú, kò sì sọnù. Kí 'ẹni àyàn' tó lè di 'ènìyàn', ẹ gbọ́dọ̀ di e, ohùn àárín méjì gbọ́dọ̀ wálẹ̀, 'à' sì gbọ́dọ̀ pòórá. Ìyípadà mẹ́ta yẹn ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí a kò lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí tí odindi rẹ̀ fi jáde ní 1884, 'enia' ni wọ́n kọ, kò sí y nínú rẹ̀ rárá. 'Aiye' ni wọ́n kọ fún ayé pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n tún àkọtọ́ wa ṣe, tí ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1974, ni 'ènìyàn' àti 'ayé' tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni pé y tí a fi ń jẹ́rìí sí 'yàn' yìí lè jẹ́ ìró tí ẹnu wa ń gbé jáde nígbà tí ó bá ń ti orí i bọ́ sórí a, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú 'Nàìjíríyà'. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi y náà ṣe ẹ̀rí yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú àwọn àgbà tó kọ́kọ́ kọ èdè yìí sílẹ̀ fò ó.

* * *

Arábìnrin kan láti Karu kọ̀wé pé kí a má fi 'èèyàn' da ọ̀rọ̀ yìí rú, pé 'ènìyàn' ni ó tọ̀nà, pé 'èèyàn' jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà.

N kò gbà. Ní ẹnu ọjà yẹn gan-an ni ohun tí à ń wá wà. Nígbà tí a bá ń ka iye orí tó wà níbi ìpàdé, 'ènìyàn' tàbí 'èèyàn', èyí tó bá wù wá ni à ń pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń fi ìwà díwọ̀n ẹni, ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́: 'Èèyàn ni bàbá yẹn.' 'Èèyàn gidi ni.' 'Kò ka èèyàn sí èèyàn.' 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí èèyàn.' Kò sí ẹni tó gbọ́ 'Èèyàn ni bàbá yẹn' tí yóò rò pé wọ́n ń ṣàlàyé pé bàbá náà kì í ṣe ewúrẹ́. Ìyìn ni, ìyìn ńlá sì ni. Bí a bá yí i padà, tí a ní 'Lágbájá kì í ṣe èèyàn', gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ìkà ni à ń wí, bẹ́ẹ̀ a kò dárúkọ ìkà.

Èyí ni mo fẹ́ kí àbúrò mi ará Kubwa mú lọ sí ibi iṣẹ́. Kí ó fi ọ̀rọ̀ gígé sílẹ̀, kí ó wo ọ̀rọ̀ lílò. Inú rere kò fara pamọ́ sínú egungun 'ènìyàn' kí a máa fi ọ̀bẹ wá a. Ó wà nínú ohun tí Yorùbá máa ń béèrè kí ó tó gbà láti pe ẹnìkan bẹ́ẹ̀.

* * *

Lórí ti Hausa àti ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi pè ọ́ níjà.

Ọmọ Katsina yẹn sọ òótọ́. 'Mutum' ni ẹyọ, 'mutane' ni ọ̀pọ̀, 'mutunci' sì jáde láti ara rẹ̀ pẹ̀lú ìparí '-nci', irú èyí tó wà nínú 'Turanci' àti 'Hausanci'. Ẹni tó bá ti gbé ní ìhà Àríwá fún ìgbà díẹ̀ ti gbọ́ 'cin mutunci' lójú ìjà: 'Ya ci mutuncina!' Ẹni tó pariwo bẹ́ẹ̀ ń sọ pé wọ́n jẹ iyì òun, wọ́n sọ òun di yẹpẹrẹ ní gbangba. Òwe wọn kan ní 'mutunci' jẹ́ wàrà, tó jẹ́ pé bí ó bá ti dànù, kò ṣeé kó. Nítorí náà 'mutunci' kì í ṣe inú rere pọ́ńbélé. Iyì, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí Hausa bá fẹ́ sọ inú rere tààrà, 'kirki' ni wọ́n ń lò, 'mutumin kirki' sì ni ẹni tí àwa ń pè ní èèyàn dáadáa. 'Tausayi' ni àánú tó máa ń ṣe ni nígbà tí a bá rí ẹni tí ìyà ń jẹ. 'Alheri', tí wọ́n yá láti inú èdè Lárúbáwá, ni oore. Òwe wọn sì ní oore jẹ́ oje tó ń lẹ̀, kì í já bọ́ sílẹ̀ lásán.

Arábìnrin tó mú ti Gẹ̀ẹ́sì wá náà kò purọ́. Orísun kan ni 'kind' tó wà nínú 'humankind' àti èyí tó wà nínú 'kindness' ti wá, ìbí àti ìṣẹ̀dá sì ni ó dúró fún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. 'Kin', tó jẹ́ ẹbí, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ 'kind' níjọ́ yẹn ni ẹni tó ń hùwà bí ó ti yẹ ìbí rẹ̀, tó ń ṣe sí àwọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó wá fẹ̀ kúrò láàárín ẹbí.

Latin, tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú 'human', ti jà irú ìjà tí à ń jà yìí. 'Humanitas' ni ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Aulus Gellius bá àwọn ará ìgbà rẹ̀ wí pé wọ́n ń lo 'humanitas' fún inú rere sí gbogbo ènìyàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ tó ń sọ ọmọ di ènìyàn ni àwọn tó gbọ́ èdè náà dáadáa fi ń pè. Inú rere ni àbí ẹ̀kọ́? Ìbéèrè yìí gan-an ni yóò dé bá wa lórí 'ọmọlúàbí'.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má gbàgbé ọmọlúàbí, n kò gbàgbé.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà tú u kò jọra. Àwọn kan ní 'ọmọ tí olú ìwà bí' ni, ìyẹn ọmọ tí olórí ìwà bí. Àwọn kan, tí àwọn ẹlẹ́sìn pọ̀ nínú wọn, ní 'ọmọ tí Nóà bí' ni, pé ọmọ Nóà ni à ń wí. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó níwà bí ẹni tí a kọ́, tó sì gba ẹ̀kọ́ ni. Bàbá kan láti Ìlọrin tó kọ̀wé sí wa fi taratara gbèjà ti Nóà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ bí a bá ní kí gbogbo ọmọ aráyé jẹ́ ọmọ Nóà, bí ìtàn náà ti wí, a jẹ́ pé ìkà náà jẹ́ ọmọ Nóà, ọmọlúàbí kò sì ní yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́. 'Ìwà' ni n kò lè yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí rẹ̀ sì ni pé ara 'wà' ni 'ìwà' ti wá. Wíwà láyé àti bí a ti ń hùwà, ọ̀rọ̀ kan ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì. Ẹni tí kò níwà, ní ọ̀nà kan, kò tíì wà tán. Ibí yìí ni Yorùbá ti sún mọ́ ohun tí Hausa fi 'mutum' àti 'mutunci' ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà tiwa yàtọ̀.

* * *

Nísinsìnyí, 'ènìyàn burúkú' tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kọ̀wé láti ta kò mí níhìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Lugbe ní irọ́ ni pé Yorùbá gbà pé ènìyàn dára, nítorí pé ẹ̀rù ènìyàn ni ó kún inú òwe wa. Ó mú 'Ènìyàn kò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀, orí ẹni ní ń sọ̀ ni' wá. Ó ní nígbà tí ìyá bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba ọmọ òun lọ́wọ́ ayé, lọ́wọ́ aráyé, ṣé inú rere ni ó wà níbẹ̀? Ó tún mú èyí tó le jù wá: 'Igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀, nítorí ọjọ́ mìíràn, kí a má ṣe oore bẹ́ẹ̀ mọ́.'

Òwe tó mú wá jẹ́ òótọ́, n kò sì ní fi 'Oore kì í gbé' bò ó mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ti ṣe. Ẹni tó ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ tó yáwó ní ìlú Abuja, tí ọ̀rẹ́ náà sì kó lọ láìdágbére, mọ ohun tí igúnnugún ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tún òwe rẹ̀ kà. Igúnnugún kò sọ pé ènìyàn kò níláti ṣoore. Ohun tí ó dùn ún ni pé ẹni tí òun ṣe é fún kò hùwà bí ènìyàn. Bí a kò bá retí oore lọ́dọ̀ ènìyàn, a kò ní ṣẹ̀dá òwe láti fi sunkún pé a kò rí i gbà, a kò sì ní ní orúkọ burúkú bí 'abaramóorejẹ' fún ẹni tó kọ̀ láti dá a padà.

Ọ̀gbẹ́ni Katsina ńkọ́? Bi í pé kí ni 'mugun mutum' lédè rẹ̀. Ènìyàn burúkú ni, wọ́n sì ń pè é lójoojúmọ́. Kò sí èdè tí kò ní láti fi orúkọ kan náà pe ẹni tó gbọ́n àti ẹni tó gọ̀, olóore àti ọ̀dàlẹ̀, nítorí a níláti ka orí kí a tó wọn ìwà. Iṣẹ́ méjì ni 'ènìyàn' ń ṣe. Èkíní ka orí, kò sì yọ ẹnìkankan sílẹ̀. Èkejì ń jẹ́rìí ìwà, ẹlòmíràn ló sì máa ń jẹ́ ẹ fún ọ. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé 'èèyàn gidi ni mí' tí àwọn tó gbọ́ ọ kì í yí ojú.

* * *

Ìbéèrè kejì rẹ ni ó ṣe pàtàkì sí mi jù, nítorí olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé ní Gwarinpa kọ̀wé pé ìwé tí àwọn ń lò túmọ̀ 'kindness' sí 'àánú', àwọn ọmọ náà sì ti ń sọ pé 'Ọ̀rẹ́ mi ṣàánú mi, ó fún mi ní bisikíìtì.'

Gbólóhùn yẹn kò dùn létí Yorùbá. Àánú ń wo ìsàlẹ̀: ẹni tó ní apá ni í ṣàánú ẹni tí apá rẹ̀ kò ká nǹkan. Alágbe ń tọrọ rẹ̀, a ń bẹ Ọlọ́run fún un, adájọ́ lè fi í gé ìyà kúrú. Ọmọdé méjì tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà kì í ṣàánú ara wọn nítorí bisikíìtì. 'Ó ṣe mí lóore' ni, tàbí kí ọmọ náà kàn sọ pé ọ̀rẹ́ òun lawọ́. Oore jẹ́ ohun tí a ṣe, a lè mọ̀ ọ́n, a lè san án, a lè gbàgbé rẹ̀. Inú rere jẹ́ ohun tí a ní. Kò ṣeé san, nítorí inú ni ó wà kí oore tó jáde. Yorùbá tó ń sọ pé 'Bí inú ti rí ni obì í yàn' mọ̀ pé inú ló ṣáájú. Nítorí náà bí mo bá níláti mú ọ̀kan fún 'kindness', inú rere ni n óò mú fún ìwà náà, oore fún iṣẹ́ rẹ̀, n óò sì fi àánú sílẹ̀ fún ibi tí ìyà wà.

Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ Bíbélì ní Kaduna kò fara mọ́ èyí, ó sì ní ìdí. Ó rán wa létí pé nínú ìwé Gálátíà orí karùn-ún, níbi tí èso ti Ẹ̀mí wà, 'ìwà pẹ̀lẹ́' ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì àtijọ́ lò, kí 'ìṣoore' tó tẹ̀ lé e. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ọ̀rọ̀ tó dára ni, inú mi sì dùn pé wọ́n mú un wá, nítorí 'pẹ̀lẹ́' yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu Yorùbá nígbà tí àlejò bá kọsẹ̀ lójú títì, kí a tó mọ orúkọ rẹ̀, kí a tó mọ ìlú rẹ̀. 'Sannu' tí Hausa ń pè ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: ó ń kí ni, ó ń báni kẹ́dùn, ó sì ń sọ fún ni pé kí a rọra. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí bàbá náà ni pé ènìyàn lè níwà pẹ̀lẹ́, kí ohùn rẹ̀ tutù, kí ó má bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ kí ó má lè fi ìka kan gbé ẹrù fún ẹlòmíràn. A mọ irú wọn ní ọ́fíìsì ìjọba níhìn-ín.

Mo rí ohun kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní gáréèjì Nyanya. Àpò iṣu bàbá arúgbó kan ya, iṣu méjì sì yí lọ sínú gọ́tà. Ọmọ Hausa kan tó ń ti bárò fún owó gbé bárò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù oníbàárà lórí rẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó bọ́ sínú gọ́tà náà, ó mú iṣu kan jáde, ó mú èkejì jáde, ó fi etí ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára wọn títí èèpo fi hàn, ó sì tò wọ́n sẹ́sẹ̀ bàbá náà. Oníbàárà rẹ̀ ń pariwo pé òun ń kánjú. Bàbá na owó sí i. Ó ní 'Baba, bar shi', pé kí bàbá fi í sílẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó ń sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ kíkan, dá ọwọ́ ewé dúró, ó ní: 'Èèyàn lọmọ yìí.' Kò pè é ní aláàánú, kò pè é ní onínúure, kò sì béèrè ọmọ ta ni.

* * *

Èyí mú mi dé ibi tí àríyànjiyàn wa ti gbóná jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ 'ọmọ wa ni' tí a fi ń ran ẹni tiwa nìkan lọ́wọ́.

Ìlú Abuja kún fún ilé iṣẹ́ tó ń fi orúkọ ọmọnìyàn ṣiṣẹ́. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí òfin 1995 dá sílẹ̀, ní olú ilé iṣẹ́ ní Maitama. Ní 2019 ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìrànwọ́ àwọn tí àjálù bá, Hausa sì ń fi 'jin ƙai' pè é, ìyẹn àánú. Àwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Borno wá sá sí ibùdó Durumi, Wassa àti Kuchingoro nínú ìlú yìí kan náà. Ẹnìkan nínú yín béèrè pé kí ni kí a máa pe irú iṣẹ́ ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní 'iṣẹ́ àánú'. Mo rò pé 'ìrànwọ́ ọmọnìyàn' dára jù ú lọ, nítorí pé ẹni tó sá kúrò ní Gwoza ní Borno pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kò wá ṣagbe. Ènìyàn tí ilé rẹ̀ jó ni.

Ẹ wo bí àwọn tó túmọ̀ Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ti parí abala kìíní ní Yorùbá: pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn máa hùwà sí ara wọn 'gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá'. Wọn kò ní 'ọmọ bàbá'. Ẹni tó dàgbà nílé olórogún mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ọmọ bàbá a máa du ogún, ọmọ ìyá ni a ń fọkàn tán. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ra jù nínú ẹbí, wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọ́fíìsì wa, òdìkejì rẹ̀ ni à ń ṣe. Fáìlì ẹnìkan á dúró lórí tábìlì, títí ẹnìkan á fi sọ pé 'Ẹ bá a ṣe é, ọmọ wa ni.' Yorùbá ń ṣe é, Ígbò ń ṣe é, Hausa náà ń ṣe é. Àwọn kan nínú yín gbèjà rẹ̀ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ẹni tí kò ran ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè ran ará òde. N kò kọ ìyẹn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ̀ṣọ́ náà má jáde kúrò nílé láéláé, kí a sì tún máa pe ara wa ní ọmọlúàbí.

* * *

Àbúrò, o kọ̀wé padà pé o ti rí ìdáhùn fún àwọn ará ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n pé ẹgbẹ́ Yorùbá àdúgbò yín ní Kubwa ní àpò owó fún àìsàn àti òkú, òfin rẹ̀ sì ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. O ní ọmọ máìgádì yín, tó jẹ́ ará Benue, wà nílé ìwòsàn, ìpàdé sì pín sí méjì.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwa. Akápò dìde, ó ní owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè ná an fún ẹni tí kò dá a. Ìyá àgbà kan ní ọmọ ènìyàn ni ọmọ náà, pé kí a má jókòó ti òfin kí ọmọ kú. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀. Bí a fọwọ́ kan àpò náà láìyí òfin padà, opó tí yóò nílò rẹ̀ lọ́la ni a ti jà lólè. Ohun tí a ṣe ni pé a fi àpò náà sílẹ̀, a gbé àwo kan ká inú yàrá ní alẹ́ ọjọ́ náà, olúkúlùkù fi ohun tí agbára rẹ̀ ká síbẹ̀, akápò ni ó sì kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí i. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a fi ìlà kan kún òfin wa, pé a óò máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù fún aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tí ènìyàn mẹ́ta yóò sì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Ẹ gbé àwo ká ní alẹ́ òní, nítorí ilé ìwòsàn kò ní dúró de ìpàdé yín. Ẹ fi ti òfin sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ iye tí ẹnìkan lè gbà àti àwọn tí yóò fọwọ́ sí i sílẹ̀ kedere, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ yín ní Kano, Jos tàbí Minna bá ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣe é, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí fún un.